Láti Inú Agbada Dé Inú Táńkì: Àgbéyẹ̀wò Òróró Àlòkù Gẹ́gẹ́ Bí Epo Ẹ́ńjìnnì

Ní Ìkòyí-Ilé, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, dísù ló ń gbé iṣẹ́ òòjọ́ ró. Òun ni katakata ń mu kó tó túlẹ̀. Òun ni ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ń jó. Òun náà ni ọkọ̀ ńlá tó ń kó irè oko lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ń mu. Kí ìjọba tó kéde ní oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti dópin ni ti dísù ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2024, tí ilé ìfọpo Dangote dín iye lítà dísù kan kù láti 1,200 náírà sí 1,000 náírà, inú àwọn oníbàárà dùn. Ẹni tí 1,000 náírà lórí lítà kan ti di ìtura fún kò ní ṣàì yẹ gbogbo ohun olóràá tó lè jó wò.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òróró àlòkù ti wọlé. Òróró tí alákàrà, onídùǹdú, onípọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù àti ilé oúnjẹ ti fi dín nǹkan títí tó fi dúdú, ṣé ẹ́ńjìnnì dísù lè mu ún? Àwọn kan ní ká dà á sí táńkì bó ṣe wà. Àwọn kan ní ká kọ́kọ́ mú un gbóná. Àwọn mìíràn ní ká yí ẹ̀dá rẹ̀ padà pátápátá. Àwọn kan fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ńlá máa kó o jọ, àwọn kan ní ká gbin igi tí yóò máa so òróró ọkọ̀, àwọn kan sì ní ká má tilẹ̀ gbé e dé ìdí ẹ́ńjìnnì rárá. Kò sí ìhà kan tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ohun tó ń mú wọn takora ni pé wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì kan náà, òróró kan náà, tàbí ìwọ̀n kan náà. Bí a bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, púpọ̀ nínú àríyànjiyàn náà yóò tú.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni

Ní 1900, níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní Paris, ilé iṣẹ́ Otto gbé ẹ́ńjìnnì dísù kékeré kan kalẹ̀ tó ń fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́. Epo rọ̀bì ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì náà fún, wọn kò sì tún ibì kankan ṣe lára rẹ̀ kó tó gba òróró. Rudolf Diesel, ará Jámánì tó dá irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣàlàyé ní 1912 pé ìjọba Faransé ló béèrè fún ìdánwò náà. Ẹ̀pà pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Áfíríkà, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ wọ̀nyẹn lè fi ohun tí wọ́n ń gbìn yí ẹ́ńjìnnì wọn, láìdúró de èédú tàbí epo láti òkè òkun.

Ní 1937, Georges Chavanne ti Yunifásítì Brussels gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a fi lè lo ọtí líle láti yí epo ọ̀pẹ ilẹ̀ Kóńgò padà di epo ẹ́ńjìnnì. Ní 1938, bọ́ọ̀sì akérò kan fi irú epo bẹ́ẹ̀ ná ọ̀nà Brussels sí Louvain. Ẹ̀pà ni ti àkọ́kọ́, ọ̀pẹ ni ti èkejì. Nítorí irè ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń pè é ní àṣà tuntun àwọn òyìnbó.

Dísù inú epo rọ̀bì pọ̀ lẹ́yìn náà, ó sì rọjú, àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì sì wá ń ṣe é kó bá dísù mu. Nígbà tí epo wọ́n gógó ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ padà sídìí òróró. Ní 1982, wọ́n pàdé ní Fargo, ní ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà, láti gbé ohun tí wọ́n rí yẹ̀ wò. Àbájáde ìdánwò wọn jọra: bí a bá fi òróró lásán wa ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, ó ń lọ geere, bí ó bá pẹ́, ìbàjẹ́ ń yọjú. Lórí gbólóhùn méjì yìí ni ìjà àwọn ìhà tó kù dúró lé.

Ohun tó wà nínú òróró, àti ohun tí dídín sọ ọ́ dà

Òróró ki ju dísù lọ. Bí ooru bá wà ní ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kíki rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti dísù. Nọ́súlù, ìyẹn ẹnu tóóró tí epo ń gbà tú sínú sílíńdà, ni wọ́n ṣe láti fọ́n dísù bí ìkùukùu. Òróró tó ki kì í fọ́nká bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán rẹ̀ máa ń tóbi, kì í sì í jó tán. Èyí tí kò jó tán yóò di èédú lẹ́nu nọ́súlù àti lára ríngì. Èyí tó bá yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnnì kọjá yóò bọ́ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, níbi tó ti lè máa dì títí ọ́ìlì náà yóò fi dà bí àtè. Ìgbà tó bá di àtè ni ẹ́ńjìnnì máa ń kú lójijì.

Dídín tún ń fi tirẹ̀ kún un. Omi inú àkàrà àti iṣu ń dà pọ̀ mọ́ òróró, iyọ̀ ń bá a lọ, èérún rẹ̀ sì ń jóná sínú rẹ̀. Iná tó ń jó o léraléra ń tú ásíìdì sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń so àwọn ẹyọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ra kí ó lè túbọ̀ ki. Omi àti ásíìdì yìí ló ń jẹ irin pọ́ńpù.

Irú òróró pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òróró sóyà kì í tètè dì, ṣùgbọ́n ó tètè ń di àtè bí atẹ́gùn àti ooru bá kàn án. Òróró tí a yọ lára epo ọ̀pẹ, tó kún ọjà wa, kì í tètè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbiná dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì. Ìṣòro tirẹ̀ ni òtútù. Gbogbo ẹni tó ti rí i bí kẹ́ẹ̀gì òróró ṣe ń ṣe nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa dì láàárọ̀. Ohun tó dì nínú kẹ́ẹ̀gì yóò dì nínú fílítà.

Ìhà kìíní: ẹ dà á sí táńkì

Àwọn tó wà ní ìhà yìí ní kí a jẹ́ kí òróró silẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a yọ omi rẹ̀, kí a sẹ́ ẹ dáadáa, kí a sì lú u pọ̀ mọ́ dísù. Agbára ìhà yìí ni pé kò ná ènìyàn ní nǹkan. Kò sí kẹ́míkà, kò sí irinṣẹ́ tuntun. Bí òróró inú àdàlù bá kéré, kíki rẹ̀ kò ní jìnnà sí ti dísù. Òróró kò sì léwu láti tọ́jú: ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá ìwọ̀n 200 kí èéfín rẹ̀ tó lè gbiná, ti dísù kò sì ju bíi 55 lọ.

Irú ẹ́ńjìnnì ló ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ wọn yóò ṣẹ. Mercedes 240D àti 300D àtijọ́ ní ìyẹ̀wù kékeré kan tí epo ti ń kọ́kọ́ jó kí iná tó bọ́ sínú sílíńdà. Ooru ibẹ̀ ń ran òróró lọ́wọ́. Mercedes 911, tí ọ̀pọ̀ fi ṣe agbégilódò, kò ní irú ìyẹ̀wù bẹ́ẹ̀, nítorí náà èédú tètè ń dì sí i lẹ́nu nọ́súlù. Pọ́ńpù náà yàtọ̀ síra. Èyí tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tò sórí ìlà, bíi ti Bosch, máa ń fara da òróró. Èyí tó ń yí po, bíi ti Lucas CAV, jẹ́ pé epo tó ń gba inú rẹ̀ kọjá nìkan ló ń mú un yọ̀. Bí epo bá ki jù láàárọ̀ ọyẹ́, ó lè kán. Ní ti ọkọ̀ òde òní tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí agbára ìtì epo rẹ̀ lè ju ìwọ̀n 1,600 bar lọ, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ da òróró lásán sí i.

Àìlera ńlá ìhà yìí ni pé ìbàjẹ́ rẹ̀ kì í hàn lọ́jọ́ kìíní. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta wa ọkọ̀ láìsí wàhálà yóò rò pé òun ti jàre, bẹ́ẹ̀ ìdánwò kúkúrú náà ti sọ bákan náà ṣáájú 1982.

Ìhà kejì: ẹ mú un gbóná

Àwọn ti ìhà yìí gbà pé òróró ki jù, wọ́n sì ní ooru ni oògùn rẹ̀. Wọ́n ń fi táńkì kejì kún ọkọ̀. Dísù ni wọ́n fi ń ṣíná. Bí omi rédíétọ̀ bá ti gbóná, wọn a gba páìpù rẹ̀ yí táńkì òróró ká títí òróró náà yóò fi tó ìwọ̀n 70 tàbí 80, kí wọ́n tó yí i sí ti òróró. Kí wọ́n tó paná, wọn a tún padà sórí dísù kí òróró má baà dì sínú pọ́ńpù mọ́jú. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ Elsbett tilẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì tó ń mu òróró lásán láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun rere inú rẹ̀ pọ̀. Ooru tí ẹ́ńjìnnì ń dà nù ni ó ń lò, ó bá òróró ọ̀pẹ tó ń dì mu, kò sì béèrè kẹ́míkà. Ṣùgbọ́n òróró tó gbóná tó 80 ṣì ki ju dísù lọ díẹ̀, ooru kò sì lè mú ásíìdì àti iyọ̀ kúrò. Ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà jíjìn láìdúró ló ń jèrè rẹ̀. Èyí tó ń dúró, tó ń lọ, láàárín ọjà kì í gbóná pẹ́ tó láti kúrò lórí dísù. Ọwọ́ awakọ̀ pẹ̀lú wà níbẹ̀: ẹni tó bá gbàgbé láti yí i padà kó tó paná yóò bá pọ́ńpù dídì lọ́jọ́ kejì.

Níbi tí ìhà yìí ti lágbára jù ni ìdí ẹ́ńjìnnì tí kì í kúrò lójú kan. Ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀ máa ń ṣiṣẹ́ wákàtí púpọ̀ lórí ìwọ̀n kan náà, ẹnìkan sì wà nídìí wọn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló gba ẹnu àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó dúró sójú kan ló bá òróró mu jù.

Ìhà kẹta: ẹ yí ẹ̀dá rẹ̀ padà

Dípò kí a tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àwọn wọ̀nyí ní kí a tún òróró ṣe. Wọ́n ń po nǹkan bí 20 lítà methanol, tí í ṣe irú ọtí líle kan, àti ìwọ̀nba kọ́sítíìkì sódà mọ́ 100 lítà òróró, wọn a sì rò ó ní ìwọ̀n ooru 55 sí 60. Gilisárínì yóò rì sísàlẹ̀, biodiesel, ìyẹn epo tí wọ́n ń wá, yóò lé sókè. Wọn a fi omi fọ èyí tó lé, wọn a sì gbẹ omi kúrò lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń rí sún mọ́ 100 lítà biodiesel, pẹ̀lú bíi kìlógíráàmù 10 gilisárínì. Kíki rẹ̀ kò jìnnà sí ti dísù mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì fi gba àdàlù biodiesel láàyè, tí wọn kò gba òróró lásán. Ní 2002, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà gbé ìdánwò púpọ̀ yẹ̀ wò lórí dísù tí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ biodiesel: èérún èéfín dín kù ní ìdá 10, afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide dín kù ní ìdá 11, àwọn afẹ́fẹ́ nitrogen oxide nìkan ló fi ìdá 2 lé sí i.

Àìlera rẹ̀ kò pamọ́. Ásíìdì inú òróró tó ti gbó ń bá sódà ṣe ọṣẹ. Ẹni tó ń fi omi eérú àti òróró se ọṣẹ dúdú mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yìí dáadáa. Àṣeyọrí tirẹ̀ ni ìkùnà ẹni tó ń se biodiesel. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ wọn ásíìdì agbada kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó mọ ìwọ̀n sódà tí wọn yóò fi sí i. Biodiesel tún ń jẹ rọ́bà ọkọ̀ àtijọ́, ó ń tú ìdọ̀tí inú táńkì sínú fílítà, kò sì yẹ kó pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ nílẹ̀.

Ewu tó pọ̀ jù ni methanol. Májèlé ni, iná rẹ̀ kì í hàn dáadáa lójú ọ̀sán, ó sì jọ ọtí ògógóró lójú àti nímú. Ní oṣù kẹrin 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú, tí wọ́n sì ń kú, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ẹni tó bá fẹ́ kí abúlé máa se biodiesel gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí àgbá methanol yóò wà, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ ilé ti ń bá ìhà yìí rìn. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi eérú èèpo kòkó àti eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ṣe iṣẹ́ tí sódà ń ṣe. Yunifásítì LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà, kò sì jìnnà sí Ìkòyí-Ilé.

Ìhà kẹrin: ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ńlá kó o jọ

Ìhà yìí ní iṣẹ́ náà ju ti agbo ilé kan lọ. Àpẹẹrẹ wọn ni ìlú London, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Láti 2004, òfin ibẹ̀ kò gbà kí wọ́n fi òróró àlòkù ilé oúnjẹ bọ́ ẹran mọ́, nítorí náà ilé iṣẹ́ ń lọ gbà á láti ilé oúnjẹ dé ilé oúnjẹ. Láti 2007, ọkọ̀ ẹrù McDonald's ní Britain ti ń mu biodiesel tí a fi òróró ìdáná wọn ṣe. Ní 2015, àwọn tó ń darí ìrìnnà ní London kéde pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn bọ́ọ̀sì ìlú náà yóò máa lo àdàlù bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá 2023, ọkọ̀ òfúrufú Virgin Atlantic kan fò láti London dé New York lórí epo tó jẹ́ pé ọ̀rá àlòkù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ńlá lè yẹ ìmọ́tótó epo wò, ó sì lè pa methanol mọ́. Ṣùgbọ́n bí òróró àlòkù bá di ọjà àgbáyé, owó rẹ̀ yóò gòkè, èrú yóò sì wọ̀ ọ́. Yúróòpù ti ń fura tipẹ́ pé àwọn kan ń ta epo ọ̀pẹ tuntun ní orúkọ òróró àlòkù. Ní tiwa, ìlànà epo láti ara irúgbìn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2007 ní kí biodiesel jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dísù. Irú àdàlù bẹ́ẹ̀ kò sí ní ilé epo wa títí di òní. Àwọn ìhà yòókù ń tọ́ka sí èyí bí ẹ̀rí pé ẹni tó bá ń dúró de ilé iṣẹ́ ńlá yóò pẹ́ ní ìdúró.

Ìhà karùn-ún: ẹ gbin igi òróró ọkọ̀

Èso làpálàpá, tí àwọn kan ń pè ní bọ̀tujẹ̀, kún fún òróró, májèlé rẹ̀ kò sì jẹ́ kó bá agbada du nǹkan. Ní Garalo, lórílẹ̀-èdè Mali, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ fún ìlú náà láti máa mu òróró làpálàpá tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn. Ilẹ̀ wa ní Oríire fẹ̀, igi náà sì ń hù ní ọgbà ilé.

Ìtàn ìyókù kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní yóò so lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti ṣá kò mú èso púpọ̀ jáde. Ilé iṣẹ́ epo BP bá ilé iṣẹ́ D1 Oils dá iṣẹ́ làpálàpá sílẹ̀ ní 2007, ó sì jáwọ́ ní 2009. Ní Garalo pàápàá, dísù ni wọ́n padà ń jó jù. Àgbẹ̀ tí ẹ̀gẹ́, iṣu àti kaṣú ń mówó wọlé fún kò ní tètè fi ilẹ̀ rere sílẹ̀ fún igi tí kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́.

Ìhà kẹfà: ẹ má gbé e dé ìdí ẹ́ńjìnnì

Ìhà yìí béèrè pé: òróró àlòkù wo? Òróró tuntun wọ́n, nítorí náà alákàrà kì í dà á nù. Yóò bu tuntun kún un, tàbí kí ó tà á. Ká ní 100 alákàrà kó lítà kọ̀ọ̀kan jọ ní ìrọ̀lẹ́ kan, kò tíì kún ìdajì táńkì tírélà tó ń gba 300 lítà. Bí ẹlẹ́ńjìnnì bá sì wá ń fi owó lé owó, òróró tó ṣì yẹ fún oúnjẹ lè bọ́ sínú táńkì. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí ó wá ọ̀nà ọṣẹ lọ, iṣẹ́ tí a mọ̀, tí kò léwu.

Agbára ìhà yìí wà nínú ìṣirò rẹ̀, kò sì sí ìhà mìíràn tó dá a lóhùn dáadáa. Ohun méjì ni ó fò. Èkíní, ìlera: òróró tí a ń dín léraléra ń ba ara jẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan sì ti pàṣẹ pé bí ohun tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ bá tó bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, kò gbọ́dọ̀ wọ oúnjẹ mọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń ra òróró dúdú lè jẹ́ ọ̀nà tí yóò fi kúrò nínú agbada. Èkejì, ìwọ̀n: táńkì tírélà ni wọ́n fi ń ṣírò. Ẹ́ńjìnnì Lister alágbára ẹṣin mẹ́jọ, irú èyí tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta, kì í mu ju lítà kan àbọ̀ sí méjì lọ ní wákàtí kan. Bí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lóòjọ́, kò ní ju lítà mẹ́fà lọ. Ohun tí kò lè kún táńkì tírélà lè tó ẹ̀rọ ìlọta kan lò.

Ohun tí kò tíì yanjú

A lè fọwọ́ sọ àwọn kan dájú. Òróró lásán kò yẹ ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí. Biodiesel tí wọ́n ṣe dáadáa yẹ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá lú u pọ̀ mọ́ dísù. Ẹ̀rọ tó dúró sójú kan ń fara da òróró gbígbóná ju ọkọ̀ ìlú lọ.

Ohun mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni iye: òróró tó ń jáde láti agbada Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú Oríire gbọ́dọ̀ ní òǹkà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé iṣẹ́ lé e lórí. Èkejì ni ọtí líle. Chavanne kò lo methanol ní 1937. Ọtí tí a lè fi ẹ̀gẹ́ ṣe ló lò, ẹ̀gẹ́ sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Omi díẹ̀ nínú irú ọtí bẹ́ẹ̀ máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, nítorí náà ó kù kí a mọ̀ bóyá a lè gbẹ ẹ́ tó ní iye tí àwa fúnra wa lè san. Ẹ̀kẹta ni owó: iye tí òróró dúdú yóò tó kí alákàrà lè gbà láti tà á, tí onílọta yóò sì tún jèrè lórí rẹ̀ ju dísù lọ. Ẹ̀kẹrin ni àkókò. Ìdánwò tó pẹ́ lórí Lister kan, pẹ̀lú òróró ọ̀pẹ àlòkù tí a mú gbóná, nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, tí wọ́n ń yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò ní gbogbo 100 wákàtí títí yóò fi pé 1,000, ni yóò fi hàn bóyá ohun tí wọ́n rí ní Fargo ní 1982 yóò rí bẹ́ẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé. Ẹ̀rọ ìlọta wà níbẹ̀, alákàrà wà níbẹ̀, yunifásítì sì wà nítòsí. Títí wọn yóò fi jọ jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì kan náà, àríyànjiyàn yìí kò ní kúrò níbi tí a bá a.